Kànga Ẹ̀rọ fún Abúlé 6 Nínú Ẹ̀ẹ̀rùn Kan: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè bá ti dá owó jọ láti gbẹ́ borehole fún abúlé bíi 6, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n wá ẹni tó ní rìgì, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga, kí wọ́n sì bá a dúnàá-dúrà. Ìyẹn ló fà á tí kànga fi pọ̀ káàkiri oko tí sumo rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń ti omi sókè láti inú ihò) ti jóná, tí ẹnu rẹ̀ wà ní dídé, tí àwọn obìnrin sì ti padà sídìí odò. Rìgì ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun tí ẹ máa wá. Ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀, kí ẹ mọ àsìkò, kí ẹ mọ ọ̀nà, kí ẹ tó dé orí ẹ̀rọ.

Ilẹ̀ tí abúlé kọ̀ọ̀kan wà

Ìjẹ̀bú-Igbó, Orù, Awà àti Àgọ́-Ìwòyè, orí àpáta ni wọ́n wà. Yangí àti amọ̀ ló wà lókè, àpáta tó ti jẹrà wà lábẹ́ wọn, àpáta líle ló wá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àpáta líle fúnra rẹ̀ kò gba omi sára. Inú èyí tó jẹrà àti ojú ibi tí àpáta ti sán ni omi ń gbé. Ìdí nìyí tí ihò 2 tí kò jìnnà síra ju 20 mítà lọ fi lè yàtọ̀ pátápátá, tí omi á máa tú jáde nínú ọ̀kan, tí eruku lásán á sì máa jáde nínú èkejì.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ síhà gúúsù, láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sísàlẹ̀, àti ní apá tó pọ̀ jù ní Rẹ́mọ, yanrìn àti amọ̀ tó to léra wọn ni ẹ máa bá. Ní Ṣàgámù, òkúta ẹfun wà láàárín wọn, òun ni wọ́n ń wà fún sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Ní Ogun Waterside, láti Àbígí dé Ìwòpin, omi kì í jìnnà, ṣùgbọ́n irin máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, bí ẹ bá sì sún mọ́ etí òkun, iyọ̀ lè wọ inú rẹ̀. Ní apá kan Ìjẹ̀bú East, ọ̀dà ilẹ̀ wà nínú yanrìn. Bí ẹ̀rọ bá gbé yanrìn dúdú tó ń rùn bí ọ̀dà jáde, ẹ dá iṣẹ́ dúró kí onímọ̀ ilẹ̀ wá wò ó kí ẹ tó ju páìpù kankan sínú ihò.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ètò yín ni pé iṣẹ́ 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ fẹ́ ṣe. Orí àpáta, afẹ́fẹ́ àti hámà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, ó sì gba kọ̀mpírẹ́sọ̀ ńlá. Inú yanrìn, ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n ń yí kiri nínú ihò ló ń di ògiri ihò mú kó má baà ya lulẹ̀. Rìgì mìíràn ń ṣe méjèèjì, ọ̀pọ̀ kì í ṣe é dáadáa. Ẹ pín àwọn abúlé yín sí ọ̀nà 2 yìí lórí ìwé kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó.

Kàlẹ́ńdà

Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó sì ń lọ ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ìparí oṣù kẹta ni omi inú ilẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ. Kànga tí ẹ bá dán wò ní oṣù kẹsàn-án, omi òjò ló ń fi han yín. Èyí tí ẹ bá dán wò ní oṣù kẹta ló ń sọ òótọ́ fún yín. Gbogbo ètò yẹ kó yí ká ọjọ́ ìdánwò yẹn, kí ẹ sì ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti ibẹ̀.

Oṣù kẹwàá ni ẹ máa bá Baálẹ̀ àti àwọn onílẹ̀ jókòó. Oṣù kọkànlá, kété tí ojú ọ̀nà bá ti gbẹ, ni ẹ máa yẹ ọ̀nà wò tí ẹ máa sì ṣe sọ́fèè, ìyẹn wíwá ibi tí omi wà nínú ilẹ̀. Oṣù kejìlá jẹ́ ti ìwé àdéhùn àti ríra nǹkan, ẹ má ṣètò ìgbẹ́lẹ̀ kankan sí àárín ọ̀sẹ̀ Kérésì àti ọdún tuntun. Awakọ̀ máa ń lọ sílé, ṣọ́ọ̀bù spare parts máa ń tì, bí hósì kan bá bẹ́ lára rìgì ní oko, ọ̀sẹ̀ 2 ló máa dúró síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ni kí rìgì wọ oko. Kànga kan ń gba ọjọ́ 3 sí 4 bí ẹ bá ka kíkó ẹrù lọ, gbígbẹ́ àti fífọ̀ ọ́ mọ́ pọ̀, nítorí náà rìgì kan lè parí abúlé 6 láàárín ọ̀sẹ̀ 5, ọ̀sẹ̀ kan tó kù wà fún ohun tó bá bàjẹ́.

Abúlé orí àpáta ni kí ẹ fi ṣáájú, ní oṣù kìn-ín-ní. Abúlé ẹ̀gbẹ́ omi ní gúúsù ni kó kẹ́yìn, nítorí ipa ọ̀nà tó gba inú àbàtà kò tíì le tó láti gbé rìgì tó lè wúwo tó 20 tọ́ọ̀nù kí ó tó di oṣù kejì. Ẹni tó bá ṣe é ní òdì máa ń fi kàtàpílà wọ́ ọkọ̀ jáde.

Ẹ béèrè ọjọ́ Orò, ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ìsìnkú ńlá lọ́wọ́ Baálẹ̀ kí ẹ tó kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Orò, ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ ké, obìnrin tó bá sì wà lára òṣìṣẹ́ yín kò lè jáde. Ẹ fi ọjọ́ náà sínú ètò bí ẹ ṣe ń fi ọjọ́ Ìsinmi sí i.

Ọ̀nà

Ẹ gun ọ̀kadà gba gbogbo ọ̀nà náà, kí ẹ mú téèpù dání. Ohun tí ẹ ń wò ni afárá onígi, ẹ̀ka igi tó rẹ̀ sílẹ̀, wáyà NEPA tó kọjá lójú ọ̀nà, àti kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ gígùn kò lè yí. Rìgì tó dùbúlẹ̀ sórí ọkọ̀ lè ga ju 4 mítà lọ. Afárá tí ọkọ̀ kòkó ń gbà lè má gba rìgì. Bí igi afárá bá ti ń fọ́ lábẹ́ ọbẹ, ẹ tún un ṣe kí rìgì tó dé, tàbí kí ẹ gba ọ̀nà mìíràn.

Bí abúlé bá wà nínú tàbí létí igbó ìjọba Omo, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní J4, ìyọ̀ǹda ẹ̀ka igbó ti ìpínlẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ tó gé igi kan lulẹ̀. Igbó náà tó nǹkan bíi 1,305 kìlómítà níbùú lóròó, UNESCO sì ti kà á mọ́ àwọn igbó àbójútó àgbáyé láti 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀, kí òṣìṣẹ́ yín má sùn káàkiri.

Onílẹ̀, àti ibi tí ihò máa wà

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ parí kí sọ́fèè tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ibi tí omi wà gan-an ni ẹbí kan máa sọ pé àwọn kò yọ̀ǹda. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín, kí olórí ẹbí, Baálẹ̀ àti ẹlẹ́rìí 2 fọwọ́ sí i. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ pé ilẹ̀ 10 mítà sí 10 mítà náà di ti gbogbo abúlé, àti pé ọ̀nà ibẹ̀ kò ní dí láé. Nígbà iṣẹ́, ẹ nílò ààyè tó tó 20 mítà sí 15 mítà fún rìgì, kọ̀mpírẹ́sọ̀ àti kòtò ẹrọ̀fọ̀.

Ẹ pe àwọn obìnrin sí ìpàdé náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Àwọn ló ń pọnmi. Àwọn ló mọ kànga àtọwọ́dá tó ń gbẹ lóṣù kejì àti èyí tí kì í gbẹ, ìmọ̀ yẹn sì tó ìdajì sọ́fèè.

Kí ihò jìnnà sí ṣáláńgá tó 30 mítà ó kéré tán, kó má sì wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí omi ṣáláńgá ń ṣàn sí. Ìwọ̀n kan náà ni fún ibojì, ẹ sì béèrè dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ilé wa ló ní òkú lágbàlá tí kò ní àmì. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni ibùdó tí wọ́n ti ń fún gaàrí. Omi ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàn níbẹ̀ kan, ó sì ní májèlé nínú, ó ti ń wọlẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi 50 mítà sí àárín, ní apá òkè.

Sọ́fèè

Onímọ̀ ilẹ̀ á na wáyà sí ọ̀tún àti òsì, á kan irin mọ́lẹ̀, á rán iná sínú ilẹ̀, á sì wo bí ilẹ̀ ṣe ń dènà rẹ̀. Bí wáyà bá ṣe ń gùn ni ó ń rí ìsàlẹ̀ sí i. Lórí àpáta, 100 mítà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń tó. Nínú yanrìn ní gúúsù, ẹ ní kó nà án tó 200 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ibi 3 ó kéré tán ni kó yẹ̀ wò ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ máa ń gbẹ débi pé iná kì í wọlé dáadáa, nọ́ńbà á wá máa fò sókè sódò. Kí wọ́n da omi iyọ̀ sí ìdí irin, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n.

Lórí àpáta, amọ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ 100 ohm-mítà (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná), àpáta jíjẹrà tó gba omi sára máa ń wà láàárín bíi 100 sí 300, àpáta líle tí kò sán máa ń kọjá 1,000. Ibi tí ẹ ń wá ni ibi tí àpáta jíjẹrà ti nípọn tó 15 sí 20 mítà, tí nọ́ńbà àpáta tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ṣì wà ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan, èyí tó fi hàn pé ó sán. Ní etí òkun, nọ́ńbà tó bá wálẹ̀ gidigidi lè jẹ́ omi iyọ̀, kì í ṣe amọ̀.

Ẹni tó bá kọ "60 mítà" fún gbogbo abúlé 6, tí kò fi ìwé nọ́ńbà han yín, kò ṣe sọ́fèè. Ẹ gba nọ́ńbà gangan, ojú ibi GPS, àti àwòrán rẹ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ wà ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ lè mú ìwé náà lọ síbẹ̀ fún ojú kejì. Ẹ tún lọ béèrè àkọsílẹ̀ kànga àtijọ́ ní ọ́fíìsì omi ìgbèríko ti ìpínlẹ̀ àti ní Ogun-Oshun River Basin ní Abẹ́òkúta.

Ìṣirò ohun èlò

Ibí yìí ni owó ti ń sọnù jù, nítorí ohun tí kò bá sí lóko kò ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí. A ó fi kànga 60 mítà nínú yanrìn ṣe àpẹẹrẹ, ihò rẹ̀ jẹ́ 8½ íǹṣì, páìpù PVC rẹ̀ jẹ́ 5 íǹṣì.

Páìpù mítà mẹ́ta-mẹ́ta, 21. Nínú wọn, 4 jẹ́ páìpù olójú wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà wọlé, 1 jẹ́ aláìlójú tó ní ìdérí, tó máa wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá kí yanrìn lè jókòó sínú rẹ̀, 16 tó kù lọ sókè. Ohun tó bá ṣẹ́kù lókè ilẹ̀, ẹ gé e ku 60 sẹ̀ǹtímítà. Ojú páìpù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Àwọn kan máa ń fi ayùn la páìpù lásán láti dín owó kù. Ojú tí wọ́n bá là bẹ́ẹ̀ kì í dọ́gba, páìpù á rọ, yanrìn á máa wọlé, á sì jẹ ẹ̀yà inú sumo tán kí ọdún tó yí. Ẹ má gbà á láé, bó ti wù kí agbẹ́kànga bẹ̀ yín tó.

Òkúta wẹ́wẹ́ tó máa yí páìpù ká: ààyè tó wà láàárín ihò 8½ íǹṣì àti páìpù 5 íǹṣì jẹ́ nǹkan bíi lítà 21 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kó òkúta náà láti ìsàlẹ̀ dé mítà 5 lókè ojú páìpù, 20 mítà nìyẹn, lítà 420. Ẹ fi ìdá 30 nínú 100 kún un nítorí ihò máa ń fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó di bíi lítà 550, ìyẹn àpò 18 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 kìlò. Kó jẹ́ òkúta odò róbótó tí wọ́n ti fọ̀, 2 sí 4 mìlímítà, pẹ̀lú ojú páìpù 1 mìlímítà. Bí yanrìn abẹ́ ilẹ̀ bá kúnná, òkúta 1 sí 2 mìlímítà àti ojú páìpù ìdajì mìlímítà. Òkúta quarry tó ní igun, tó kún fún eruku, kò dára.

Sìmẹ́ńtì fún mítà 6 òkè: ààyè ibẹ̀ jẹ́ bíi lítà 127. Àpò 1 pẹ̀lú lítà omi 25 sí 27 ń fún yín ní bíi lítà 42. Àpò 3 tó, ẹ gbé 5. Apá yìí ni ọ̀pọ̀ agbẹ́kànga ń fò, ó sì jẹ́ òun ló ń dá omi ojú ilẹ̀ dúró kó má baà gba ẹ̀gbẹ́ páìpù wọlé.

Bentonite (amọ̀ lulú tí wọ́n ń pò mọ́ omi) fún ẹrọ̀fọ̀: kòtò yẹ kó gbà tó ìlọ́po 3 ohun tí ihò gbà. Ihò yìí gba bíi lítà 2,200, kòtò di lítà 6,600. Àpò kan tó jẹ́ 50 kìlò fún lítà 1,000 omi, àpò 7. Níbo ni omi náà ti máa wá lóṣù kejì nígbà tí odò ti gbẹ? Ẹ bá ọkọ̀ tánkà lítà 10,000 sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó sì dé kí rìgì tó dé. Rìgì tó dúró de omi ń gba owó ìdúró.

Lórí àpáta, bentonite kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, dísẹ̀lì ni. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ 750 cfm (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan) tó ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára ń mu bíi lítà 50 ní wákàtí kan. Wákàtí 6 lórí afẹ́fẹ́ jẹ́ lítà 300, ẹ fi ti rìgì àti ọkọ̀ kún un, kí ẹ ka 400 fún kànga kan. Abúlé àpáta 4 yóò gba dúrọ́ọ̀mù 8, ẹ fi 2 kún un. Kí dúrọ́ọ̀mù dùbúlẹ̀ sábẹ́ ibòòji, kí omi ìrì má wọ ẹnu rẹ̀.

Ẹ béèrè agbára kọ̀mpírẹ́sọ̀ náà, kì í ṣe bó ṣe tóbi nìkan. Gbogbo mítà 10 omi tó wà nínú ihò ń fi bar 1 (bar ni ìwọ̀n agbára ìtẹ̀) tẹ̀ ẹ́ padà. Bí omi 50 mítà bá ti wọ ihò, bar 5 ti lọ kí hámà tó lu nǹkan kan. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ bar 7 á wá dúró níbẹ̀, agbẹ́kànga á sọ pé ilẹ̀ ti parí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ni kò lè lọ mọ́. Bar 14 sókè ni kí ẹ béèrè. Kó tún gbé òróró hámà dání, nítorí hámà tí kò mu òróró máa ń gan sínú ihò.

Ọjọ́ ìgbẹ́lẹ̀

Ẹ fi ẹnì kan sídìí rìgì tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe nǹkan mìíràn ju kí ó máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ní mítà kọ̀ọ̀kan, kó bu ohun tó jáde, kó tò ó sórí tapólì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó kọ aago àti mítà rẹ̀. Lórí àpáta, ẹ máa rí yangí pupa, lẹ́yìn náà amọ̀ funfun tó ní àbàwọ́n, lẹ́yìn náà yanrìn gbàǹgbà tó ń dán yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà eruku eérú tàbí dúdú. Nígbà tí ẹ bá ti wà nínú eruku yẹn, ẹ máa bu wẹ́wẹ́ òkúta náà sí ọwọ́, kí ẹ fi omi fọ̀ ọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá mú tí ó sì mọ́, àpáta kò sán. Bí àwọn kan nínú rẹ̀ bá ní ojú tó ti pọ́n bí ìpẹtà, omi ti gba ibẹ̀ kọjá rí. Ẹ kọ mítà náà sílẹ̀, ibẹ̀ ni ojú páìpù máa kọjú sí.

Wàhálà tó wọ́pọ̀ jù lórí àpáta ni òrùka ẹrẹ̀. Eruku gbígbẹ tó bá pàdé omi díẹ̀ máa ń di amọ̀, á lẹ̀ mọ́ ara ihò, á dí i, hámà á sì há sísàlẹ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nígbà tí eruku tó ń jáde bá dínkù lójijì tí afẹ́fẹ́ sì ń pọ̀ sí i lójú gééjì. Kí wọ́n dá lílù dúró, kí wọ́n fa hámà sókè díẹ̀, kí wọ́n da omi àti fóòmù sí i títí ihò á fi mọ́. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ máa fi hámà sílẹ̀ níbẹ̀.

Apá òkè tó rọ̀ gbọ́dọ̀ gba páìpù irin 7 íǹṣì títí dé orí àpáta, kí hámà 6½ íǹṣì gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí PVC bá ti wọlé, kí wọ́n máa fa irin náà jáde díẹ̀díẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ń wọlé.

Ìgbà wo ni kí ẹ dúró? Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí a fara mọ́ ni pé bí ẹ bá ti gbẹ́ dé 80 mítà, tí 30 mítà tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ àpáta tí kò sán, ẹ fi owó tó kù gbẹ́ ihò mìíràn ní ojú kejì tí sọ́fèè tọ́ka sí. Sísàlẹ̀ sí i kì í sábà mú omi wá, iye mítà nìkan ló ń pọ̀ lórí ìwé owó.

Nínú yanrìn, ẹrọ̀fọ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Agbẹ́kànga tó mọṣẹ́ ní fọ́nẹ̀ẹ̀lì tó fi ń wọ̀n ọ́n. Bíi lítà 0.95 omi lásán ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 26 láti ṣàn jáde, ẹrọ̀fọ̀ tó dára ń gba 35 sí 40. Tó bá fúyẹ́, ihò á ya. Tó bá ki jù, á dí ojú yanrìn tó ní omi nínú, ẹ ó sì gbàgbọ́ pé kò sí omi níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ihò bá parí ni kí páìpù wọlé. Ihò yanrìn tó sùn mọ́jú láìní páìpù sábà máa ń ya, nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ 20 mítà tó kẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́.

Bí wọ́n bá ń da òkúta wẹ́wẹ́, kí wọ́n rọra dà á pẹ̀lú omi, kí ẹnì kan máa ka àpò. Bí ihò bá kún pẹ̀lú àpò 9 nígbà tí ìṣirò sọ 18, òkúta ti há sókè, àlàfo wà nísàlẹ̀. Kí wọ́n gbọn páìpù náà, kí wọ́n da omi sí i, títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀.

Fífọ̀ àti ìdánwò

Kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ fọ̀ ọ́ fún wákàtí 4 sí 6, kí wọ́n máa dá a dúró kí wọ́n sì tún máa bẹ̀rẹ̀, títí omi yóò fi mọ́. Ẹ má fojú lásán wò ó. Ẹ gba omi sínú báàkẹ́tì funfun lítà 20, ẹ jẹ́ kó rẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dà á nù díẹ̀díẹ̀. Bí yanrìn tó wà nísàlẹ̀ bá ju ìwọ̀n tí ìka 2 lè mú lọ, kò tíì mọ́. Báàkẹ́tì yìí náà ni ẹ máa fi wo bí omi ṣe tó. Bó bá kún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 40, ìdajì lítà ló ń wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ìdánwò gidi ń dúró de oṣù kẹta. Kànga tó máa lo sumo, wákàtí 24. Èyí tó máa lo ẹ̀rọ àfọwọ́fà, wákàtí 6. Ẹ wọn ibi tí omi wà kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 10, ní ìṣẹ́jú 5-5 dé wákàtí kan, ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí dé òpin. Nígbà tí ẹ bá pa ẹ̀rọ, ẹ tún máa wọ̀n ọ́n bó ṣe ń padà sókè. Omi tí kò padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, ẹ má gbé sumo ńlá sí i.

Ẹ wá fi omi náà wé ohun tí abúlé nílò. Abúlé tó ní ènìyàn 600, ní lítà 25 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, nílò lítà 15,000. Ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ lítà 1,800 ní wákàtí, yóò gba wákàtí 8 ó lé díẹ̀. Oòrùn tó dára fún sólà kò ju bíi wákàtí 5 sí 6 lọ lójúmọ́, nígbà ọyẹ́ eruku tún máa ń bo ojú rẹ̀. Nítorí náà, kànga yìí nílò lítà 0.75 ní ìṣẹ́jú-àáyá bó bá jẹ́ sólà nìkan. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ àfọwọ́fà 2 nínú ihò 2 sàn fún wọn ju tánkì gíga kan tí kì í kún. Ẹ̀rọ àfọwọ́fà tó wọ́pọ̀ kò dára bí omi bá ti jìnnà ju bíi 45 mítà lọ.

Kí sumo wà ní mítà 3 ó kéré tán sísàlẹ̀ ibi tí omi dé nígbà ìdánwò, kó má sì kọjú sí ojú páìpù, kó má baà máa fa yanrìn.

Bí omi ṣe rí

Ní òpin ìdánwò, ẹ gba omi lọ sí láàbù. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà sọ pé irin kò gbọ́dọ̀ ju 0.3 mìlígíráàmù lọ ní lítà kan, nitrate kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ, pH gbọ́dọ̀ wà láàárín 6.5 sí 8.5, E. coli kò gbọ́dọ̀ sí rárá. Ní ìhà gúúsù, ẹ fi báàkẹ́tì omi kan sílẹ̀ mọ́jú. Omi tó mọ́ gaara nírọ̀lẹ́ tó di pupa ní àárọ̀ ní irin nínú, àwọn obìnrin kò ní fi fọ aṣọ funfun, wọn ò sì ní lò ó pẹ́. Ẹ ṣètò tánkì tí afẹ́fẹ́ á ti fẹ́ sí omi àti tánkì oníyanrìn tó máa sẹ́ ẹ kí ẹ tó fi lé wọn lọ́wọ́. Níbi tí pH bá ti wà lábẹ́ 6.5, ẹ má lo páìpù irin GI (irin tí wọ́n fi síńkì bò) láti gbé omi sókè, ó máa jẹrà, á sì máa tu ìpẹtà sínú omi fúnra rẹ̀. PVC tó nípọn tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti wọlé, ẹ fi klorín pa kòkòrò inú kànga. Fún páìpù 5 íǹṣì tí omi 40 mítà wà nínú rẹ̀ àti ohun tó wà láàárín òkúta wẹ́wẹ́, gíráàmù 80 lulú klorín tí ìdá 65 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ klorín gangan tó. Ẹ pò ó nínú báàkẹ́tì omi, ẹ dà á sí i, ẹ tan ẹ̀rọ títí òórùn rẹ̀ á fi jáde lẹ́nu páìpù, kí ẹ pa á, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fa omi náà dànù jìnnà sí odò ẹja títí òórùn á fi lọ, kí ẹ tó gba omi fún àyẹ̀wò E. coli.

Àdéhùn àti owó

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ agbẹ́kànga lọ́wọ́ rẹ̀. Kí owó jẹ́ ti mítà àti ti ìpele: ìdá kan nígbà tí rìgì bá dé, ìdá kan nígbà tí páìpù bá wọlé tí ẹ sì ti ka àpò òkúta àti sìmẹ́ńtì, ìdá kan lẹ́yìn ìdánwò. Kí ìwé sọ iye tí ẹ máa san bí ihò bá gbẹ. Kò tọ́ kí ẹ san owó páìpù tí kò wọlẹ̀, kò sì tọ́ kí agbẹ́kànga tó gbẹ́ ojú ibi tí ẹ̀yin fúnra yín yàn pàdánù gbogbo dísẹ̀lì rẹ̀. Lórí àpáta, ẹ fi owó ihò 1 pamọ́ fún ihò 4 tí ẹ bá ṣètò. Ihò tó gbẹ, kí wọ́n fi amọ̀ kún un, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí mítà 3 òkè, nítorí ọmọdé àti nítorí ìdọ̀tí.

Ẹ mú ìdá 10 nínú 100 owó iṣẹ́ dání títí di oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ padà lọ sí abúlé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, kí ẹ wọn omi ní àárọ̀ kùtù kí ẹnikẹ́ni tó pọnmi, kí ẹ fi wé nọ́ńbà ọjọ́ ìdánwò. Bó bá ti lọ sílẹ̀ ju mítà 2 lọ, ẹ dín wákàtí sumo kù, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú kejì nínú ìwé sọ́fèè. Ìwé náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àti lọ́wọ́ Baálẹ̀, pẹ̀lú GPS, mítà, ibi tí ojú páìpù wà, irú sumo àti ibi tí ó wà nínú ihò, nítorí ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́dún 10 sígbà yìí lè má jẹ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ.